Kọ̀ǹpútà Tí N Kò Yá Ẹnikẹ́ni

Bí ẹ bá dé etí omi ní Port Harcourt, tí ẹ béèrè obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ dáífà, wọ́n á júwe mi fún yín. Ohun tí wọ́n sì máa kọ́kọ́ sọ ni pé ahun ni mí. Mo ti gbọ́ ọ títí, kò dùn mí mọ́. Ahun ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n lórí ohun kan ṣoṣo ni. Aṣọ omi mi, ìbọ̀wọ́ mi, àgbá afẹ́fẹ́ mi, ẹ gbé e lọ, kí ẹ dá a padà nígbà tó bá wù yín. Kọ̀ǹpútà tó wà lọ́rùn ọwọ́ mi nìkan ni n kò yá ẹnikẹ́ni, n kò sì ní yá ẹnikẹ́ni títí n ó fi fi omi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa. Dáífà ni ẹni tó ń mòòkùn lọ sísàlẹ̀ omi pẹ̀lú àgbá afẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Àwa là ń ha ìkarahun àti ìdọ̀tí kúrò nídìí ọkọ̀ ojú omi, àwa là ń gé okùn tó bá lọ́ mọ́ irin tó ń ti ọkọ̀, àwa là sì ń wá ìdákọ̀ró tó bá já sínú òkun. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí nísàlẹ̀ kì í jáde tán. Bí omi ṣe ń tẹ èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ náà ń wọnú ẹ̀jẹ̀ àti oríkèé lọ jókòó. Bí èèyàn bá pẹ́ jù nísàlẹ̀ tó sì wá gòkè, afẹ́fẹ́ yẹn á hó nínú ara rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìgò mínírà. Apá ẹlòmíràn kì í gbé mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹlòmíràn kì í sì rìn mọ́. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọwọ́ ni láti máa wo bí omi ṣe jìn tó àti bó ti pẹ́ tó tí o ti wà níbẹ̀, kó ṣírò èyí tó ti wọ̀ ọ́ lára, kó sì sọ ìṣẹ́jú tó kù fún ọ kó o tó gòkè. Tó o bá jáde tán, kò ní gbàgbé. Yóò ṣì máa bá ọ ka èyí tó ṣẹ́kù nínú ara rẹ títí tí gbogbo rẹ̀ á fi jáde.

Agùnbánirọ̀ ni mo wá ṣe ní ìlú yìí. Wọ́n fi mí sí ilé ìwé kan nítòsí Choba kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Nígbà tí a sìnrú ìlú tán, àwọn ẹgbẹ́ mi di ẹrù, wọ́n gba ilé lọ. Èmi dúró. Ọkùnrin ará Ìlàjẹ kan ló fà á, dáífà tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Ó máa ń ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú irun tútù àti ìtàn ohun tó fọwọ́ bà nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ odò. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é láti ọjọ́ yẹn títí di òní. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, òun ló sì mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, wọ́n pariwo lórí fóònù pé, "Ṣé ẹja ni mo bí ni?" Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé ẹja kì í gbowó oṣù.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan tó jẹ́ ọmọ Kàlàbárì. Ó ní ọkọ̀ ojú omi kan, ó sì máa ń gba iṣẹ́ kéékèèké lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ọ̀gá yìí kì í ṣe èèyàn búburú. Tí ọmọ ẹnikẹ́ni bá ń ṣàìsàn, òun ló máa kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n lórí omi, aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń darí gbogbo wa. Ó máa jókòó sórí ọkọ̀, á di okùn wa mú, tó bá sì fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó yá, kó o gòkè. Bí kò bá fà á, o kò gbọdọ̀ gòkè. Ohun tó sì ń bí mi nínú ni pé ìṣẹ́jú ọ̀gá máa ń fà bíi rọ́bà nígbà tí oníṣẹ́, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un, bá dúró tì í tó ń wo ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí a ti ẹnu iṣẹ́ dé, orúnkún mi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Kò wú, n kò fi gbá nǹkan kan, ó kàn ń ro mí láti inú wá. Ó fi mí sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òtútù ni, kí n fi róòbù pa á. Mo fi róòbù pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà mí. Mo jókòó sórí ibùsùn mi, mo sọ fún ara mi pé ara mi kọ́ ni ọ̀gá máa fi tẹ́ oníṣẹ́ lọ́rùn. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé n ó ra kọ̀ǹpútà tèmi.

Wàhálà wá bẹ̀rẹ̀ níbi kí n mọ èyí tí n ó rà, nítorí àpò mi kò gbòòrò. Mo ka ìmọ̀ràn àwọn òyìnbó lórí fóònù títí ojú fi ń ta mí. Wọ́n yin èyí tí ojú rẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀. Wọ́n yin èyí tó ń bá àgbá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀ láìsí okùn, àti èyí tó ń fi ìrìn àjò rẹ ránṣẹ́ sórí fóònù kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lè rí i. Ọ̀kan nínú wọn wá sọ pé ẹni tó bá ń wá èyí tí kò wọ́n kò nílò iná nínú tirẹ̀, pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó o. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kí ó wá wo omi tiwa. Kí o tó lọ jìnnà nínú odò wa, omi ti dúdú bí omi àgbo, o ò ní rí ìka ọwọ́ tìrẹ tó o bá gbé e síwájú ojú. Ọwọ́ la fi ń ríran níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ fún òkun tó mọ́ gaara kò lè yan nǹkan fún mi.

Mo bá dá ọgbọ́n tèmi. Mo wá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó mọ́, mo bu omi odò pẹ̀lú ẹrẹ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀, mo so ó lẹ́nu. Mo wá ń gbé àwòrán kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sójú fóònù ní ìwọ̀n bó ṣe tóbi gan-an. Mo dé awò omi mọ́ ojú, mo fa kọ́tìnì yàrá mi, mo sì gbé ọ̀rá omi náà sáàárín ojú mi àti fóònù. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti sọnù sínú ẹrẹ̀, mo fà á tì. Àwọn olówó ńlá ló kọ́kọ́ lọ! Wọ́n kó nǹkan tó pọ̀ jọ sójú rẹ̀ débi pé nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì kò ju èèrà lọ. Aládùúgbò mi kan yọjú wọlé lọ́jọ́ náà, ó bá mi pẹ̀lú awò omi lójú àti ọ̀rá omi ìdọ̀tí lọ́wọ́. Ó kàn rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Mo wá mọ ohun tí mò ń wá. Mo fẹ́ nọ́ńbà gbàǹgbà, mo fẹ́ iná, mo sì fẹ́ kó máa gbọ̀n lọ́rùn ọwọ́ mi nígbà tí àsìkò bá ń tán, nítorí ariwo lásán kò ní borí ariwo irin tí a fi ń ha ọkọ̀. Mo fẹ́ bọ́tìnnì tí mo lè tẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Mo fẹ́ èyí tí mo lè fi kọ́bọ̀ ṣí ìdí rẹ̀ kí n fúnra mi pààrọ̀ bátìrì, nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló lè ṣí i, ta ló sì máa bá mi gbé e lọ sókè òkun nítorí bátìrì? Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo fẹ́ èyí tí mo lè sọ fún pé iṣẹ́ agbára ni mò ń ṣe nísàlẹ̀, kí ó le koko mọ́ mi ju bó ṣe máa ṣe fún ẹni tó wá wo ẹja.

Àlhájì kan ará ilé wa wà lọ́jà tó ń ta àlòkù ẹ̀rọ, rédíò, fóònù àti àwọn nǹkan tí àwọn awakọ̀ ojú omi bá tà fún un. Mo lọ bá wọn. Wọ́n mú kọ̀ǹpútà kan jáde tó ń dán bíi góòlù, wọ́n ní àwọn òyìnbó ló lò ó, pé ọmọ ilé ni mí ni wọ́n ṣe fẹ́ ta á fún mi ní ẹ̀dínwó. Mo tọrọ omi nínú korobá. Mo rì í sínú rẹ̀, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí mo yọ ọ́ jáde, oòru ti bo ojú rẹ̀ láti inú, bíi ti gíláàsì mọ́tò lọ́jọ́ òjò.

"Àlhájì, omi ti wọ inú rẹ̀."

"Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Ẹ gbé e sínú ìrẹsì, ilẹ̀ mọ́, ó ti gbẹ."

"Àlhájì, ìsàlẹ̀ omi ni mò ń gbé e lọ. Ṣé kí n máa gbé ìrẹsì dání lọ síbẹ̀ ni?"

Wọ́n bínú. Wọ́n ní àwa ọmọ ìwé kì í gbọ́ràn, pé ẹlòmíràn ti fẹ́ rà á láàárọ̀. Mo kí wọn pé kí ọjà ó tà, mo bá tèmi lọ.

Èyí tí mo rà níkẹyìn, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣe agùnbánirọ̀ ló bá mi mú un bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Irú rẹ̀ ti pẹ́ lórí igbá, tuntun ti dé rọ́pò rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tà á fi já owó rẹ̀ lulẹ̀. Mo lọ pàdé ọ̀rẹ́ mi ní pápákọ̀ òfurufú Omagwa. Ó fi nǹkan náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ṣé torí èyí lo ṣe ń fi ìpè dààmú mi?" N kò dá a lẹ́bi. Dúdú ni, ó nípọn, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀rọ ìṣirò tí àwọn oníṣòwò fi ń ṣe àròpọ̀. Àmọ́ nígbà tí mo tẹ iná rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ tóbi bí ìka mi. Inú mi dùn débi pé mo wọ̀ ọ́ sùn.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wọ omi, ọ̀gá kò tíì fa okùn tí kọ̀ǹpútà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́rùn ọwọ́ mi. Mo gbé e sún mọ́ awò ojú mi, mo tẹ iná, mo rí i pé àsìkò mi ń tán. Mo gòkè díẹ̀díẹ̀ bó ṣe yẹ, mo yọ orí. Ọ̀gá dìde dúró.

"Who call you?"

Mo na ọwọ́ mi sókè fi hàn án. Ó wò ó, ó yí ojú sí àwọn yòókù.

"This one wey resemble pikin toy? Madam, na me be computer for this boat."

Mo ní, "Oga, you no dey inside my body."

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e, ọ̀gá pàápàá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Kò pẹ́ sígbà náà, ó ra kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó ra èyí tó wọ́n, olójú aláwọ̀ mèremère, ó gbé e wá bí ẹni gbé ọmọ tuntun jáde. Ó ní ti gbogbo wa ni.

"Na one family we be. One computer go do all of us."

Báyìí ni àṣà náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń wọ omi á gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá, á dè é mọ́ ọwọ́. Tó bá jáde, á bọ́ ọ fún ẹni tó kàn. Inú gbogbo wọn dùn, wọ́n ní ọ̀gá gidi nìyí, pé ohun tó jẹ́ tẹnì kan ti di ti gbogbo èèyàn. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo ní nǹkan yìí kì í ṣe igbá omi tí a jọ ń fi bu omi mu, pé ara ẹnì kan ló ń kà, tí ẹlòmíràn bá gbé e wọ̀, ara ẹni ìṣáájú ló ṣì máa ka mọ́ ọn lọ́rùn. Mo ní, "Tí ẹ bá mu bíà, ṣé ẹnu mi ni wọ́n máa gbọ́ òórùn rẹ̀?" Wọ́n ní tíṣà tún ti dé. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ mi. Ẹni tí tirẹ̀ dá wà lọ́rùn ọwọ́, tí kì í bọ́ ọ, ṣé ahun kọ́? Ẹ̀gbọ́n gan-an fà mí sẹ́yìn lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àbúrò, a kì í ṣe báyẹn láàárín èèyàn. Tí wọ́n bá tọrọ ẹ̀, kó o fún wọn." Mo ní n kò fún wọn. Ó mi orí, ó kọjá.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ títí di ọjọ́ ìdákọ̀ró.

Ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan ló já sínú òkun lẹ́yìn Bonny, níbi tí omi ti jìn dáadáa, wọ́n sì ní kí a wá a kí a so ó mọ́ irin tí wọ́n máa fi fà á. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ wọ omi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà gbogbo wa. Ó rí ìdákọ̀ró náà, ṣùgbọ́n àsìkò rẹ̀ tán kó tó so ó. Ó gòkè, ó bọ́ kọ̀ǹpútà náà fún dáífà kejì. Kò pẹ́ tí ìyẹn wọ omi tí nǹkan náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ọn lọ́wọ́ pé kó gòkè, kó gòkè. Ó jáde pẹ̀lú ìbínú, ó ní òun kò tíì ṣe nǹkan kan. Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbọ̀n ọ́n, ó ní ó ti bàjẹ́, ó sì jù ú sínú àpótí. Mo sọ fún wọn pé kò bàjẹ́, pé ara ẹ̀gbọ́n ló ń kà, pé tí ó bá ń pariwo, ẹ̀gbọ́n ló ń pariwo fún. Wọ́n yí ẹ̀yìn sí mi. Oníṣẹ́ ti ń pè lórí rédíò láti béèrè ohun tó ń dá wa dúró.

Èmi kò tíì wọ omi lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní kí n jókòó ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ni, bóyá wọ́n á nílò ìrànlọ́wọ́. Mo dìde, mo ní kí n lọ so ó. Ọ̀gá ní ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin. Mo ní kó wò ó, ìkarahun ìdí ọkọ̀ tí ọwọ́ yìí ti ha kúrò, ṣé ọwọ́ ọkùnrin ni mo yá fi ha á ni? Ẹ̀gbọ́n wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

"Àbúrò, jókòó. Èmi ni mo mọ ibi tí mo fi í sí. Bọ́ tìẹ fún mi, kí n yára lọ so ó."

Ó na ọwọ́. Gbogbo ojú wà lára mi. Tèmi kò pariwo, ó kúkú ti wà ní gbígbẹ lọ́rùn ọwọ́ mi látàárọ̀. Ohun tó ṣe wù ú nìyẹn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, tèmi kò mọ̀ pé ẹ ti wọ omi láàárọ̀. Á máa sọ fún yín pé àsìkò ṣì pọ̀. Irọ́ ló máa pa fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ omi mọ́ lónìí."

"Mo ní kó o bọ́ ọ fún mi."

"Mi ò bọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n."

Ojú rẹ̀ yí padà. Èmi tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ gbé léjìká nínú odò títí mo fi mọ̀wẹ̀, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un níwájú gbogbo èèyàn. Ó dùn mí títí dé egungun. Àmọ́ n kò bọ́ ọ. Ó gbé àgbá rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó ní Ọlọ́run ni kọ̀ǹpútà òun, ó sì bọ́ sómi láìsí nǹkan kan lọ́wọ́. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àsìkò pẹ̀lú aago rẹ̀. Mo ń wo aago tèmi náà. Nígbà tó yá mo ní, "Oga, draw rope." Ó ní ó kù díẹ̀. Mo tún sọ ọ́. Mo fẹ́ gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, dáífà kejì sì dì mí mú. Ẹ̀gbọ́n so ìdákọ̀ró náà. Nígbà tó jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

A kò tíì dé etí ilẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pa èjìká rẹ̀ òsì. Ó ní ẹ̀wọ̀n yẹn ló fà á. Nígbà tí a fi máa dé, kò lè gbé apá náà mọ́, ìka rẹ̀ ti kú tipiri. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà la gbé e lọ síbi tí wọ́n ní yàrá irin tí wọ́n máa ń ti èèyàn mọ́, tí wọ́n á fi afẹ́fẹ́ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ó padà sísàlẹ̀ omi, kí wọ́n tó rọra dá a padà sókè. Ó lò ó lẹ́ẹ̀mélòó kan. Apá náà yè, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó lè fi fá irùngbọ̀n.

Ìyàwó rẹ̀ bá mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá irin náà. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, Àǹtí ló ń pè mí, nítorí àbúrò ọkọ rẹ̀ ni mo jẹ́ lójú rẹ̀, kì í sì í bá mi sọ̀rọ̀ láìfi ẹ̀yẹ sí i. Lọ́jọ́ yẹn, ìwọ ló pè mí.

"Aago lásán lo fi du ẹni tó kọ́ ẹ níṣẹ́. Wàá rí i, wàá wọ̀ ọ́ dé sàréè."

Mo sunkún nílé. Mo sunkún nítorí ẹ̀gbọ́n, mo sì sunkún nítorí ìbínú. Gbogbo wọn ti gbà pé tí mo bá yá a ní kọ̀ǹpútà mi, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó di okùn mú kò jẹ̀bi, ẹni tó pàtẹ́wọ́ kò jẹ̀bi, èmi tí mo ní kó má lọ ni mo jẹ̀bi.

Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n padà sílé, ọ̀gá pe ìpàdé sí ọgbà rẹ̀. Wọ́n to àga yí ká, wọ́n ra mínírà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, pé kí n kúnlẹ̀ kí n bẹ ẹ̀gbọ́n, kí ó tán síbẹ̀, kí gbogbo wa padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó gbé apá rẹ̀ lé itan, kò wo ojú mi. Mo kúnlẹ̀ fún un. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrora. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú omi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, mo sì ń dúpẹ́." Mo wá dìde. Mo ní ti kọ̀ǹpútà, n kò ní bẹ̀bẹ̀. Mo ní bí ó bá tún di ọ̀la, tí ẹ̀gbọ́n tún na ọwọ́, n kò ní bọ́ ọ, nítorí tí mo bá bọ́ ọ, màá ti fi irọ́ sí i lọ́wọ́, á sì gbà á gbọ́ torí pé èmi ni mo fún un.

Ọ̀gá ní, "So you no go beg?"

Mo ní, "For this one, I no go beg."

Ó ní kí n má wá síbi iṣẹ́ mọ́. Mo kó ẹrù mi. Ẹ̀gbọ́n kò sọ nǹkan kan, ìyẹn ló sì dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo kó lọ sí Rumuibekwe, àdúgbò mìíràn ní Port Harcourt, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọdé lúwẹ̀ẹ́ nínú omi òtẹ́ẹ̀lì kan, mo sì ń gba iṣẹ́ ìdí ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá lè gba obìnrin pẹ̀lú aago rẹ̀. Iṣẹ́ kò pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Orúkọ ahun ti ṣáájú mi dé ibi gbogbo. Mo jẹ gààrí lọ́pọ̀ ọjọ́, mo sì fi orúnkún tó pé jẹ ẹ́.

Ọ̀pọ̀ oṣù ti kọjá kí ẹnì kan tó kan ilẹ̀kùn mi lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ni. Mo ní, "Ẹ wọlé, ìyàwó wa." Ó jókòó sétí àga, kò gba omi tí mo gbé fún un. Kò tọrọ àforíjì, n kò sì retí rẹ̀. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ilẹ̀.

"Àǹtí, dókítà ti ní ó lè padà sómi, ṣùgbọ́n ibi tí kò jìn ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi sílẹ̀, kò gbọ́. Mo fẹ́ ra irú èyí fún un. Owó mi ò pọ̀. Ẹ bá mi yan án."

A jọ yan án. Mo fi àwọn tó wà hàn án lórí fóònù, mo sọ ohun tó lè fojú fò àti ohun tí kò gbọdọ̀ fojú fò. Ó ń béèrè ìbéèrè tó múná, ó sì yára mọ̀ pé ẹwà ojú kọ́ ni. Nígbà tí a parí, mo rò pé ó máa dìde. Kò dìde.

"Ó ku ohun kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kò lè sọ fún èèyàn pé rárá. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ débẹ̀ ni wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á sì bọ́ ọ fún wọn, á tún rẹ́rìn-ín sí wọn. Àǹtí, ẹ kọ́ mi bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́, kí n lè lọ kọ́ ọ."

Kò sí ẹni tó tíì sọ fún mi rí pé ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Mo wá rọ́bà kan, mo fi so páálí ìṣáná mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Mo ní òun ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni ọ̀gá. Mo dìde dúró, mo yọ ikùn síta, mo na ọwọ́. "My brother, bring that thing. Na one family we be."

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, ó kàn jẹ́ pé dókítà sọ pé..."

"Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ yín nìyẹn."

A tún un ṣe. Ó ṣàlàyé. Mo ní àlàyé ni wọ́n fi máa bá yín jà. A tún un ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ojú tì í, ó fi ọwọ́ kejì bo páálí ìṣáná náà. Mo sún mọ́ ọn, mo gbóhùn sókè, mo bú u, mo pè é ní gbogbo ohun tí wọ́n ti pè mí rí, mo sì na ọwọ́ mi títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó gbá ọwọ́ mi dànù.

"Rárá! Ara ọkọ mi ló wà níbẹ̀."